Ẹ̀rọ Kọfí Wo Ni Kí N Rà Sílé? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwa Tí À Ń Gbé Àbújá àti Òkè Ọya

Ẹni tó bá ti mu cappuccino (kọfí onímílíìkì tó ń fófó) lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀mẹta ní Wuse II tàbí Maitama máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye tó ń ná síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọfí ti ń wọlé. Àwọn ìbéèrè tí mo kó jọ síbí ni àwọn tí ará, ọ̀rẹ́ àti alájọgbé ní Kubwa, Lugbe, Gwarinpa àti Mararaba sábà máa ń bi mí. Wọ́n yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ìdáhùn mi máa ń gbà: iná àti omi ilé yín ni kẹ́ẹ fi yan ẹ̀rọ, ẹ má fi ẹwà rẹ̀ yàn án.

Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ wò, kí n tó béèrè iye owó?

Ẹ wo bí ẹ ṣe ń mu kọfí. Ṣé ife ńlá kan láàárọ̀ kẹ́ẹ tó wọ mọ́tò lọ sí Central Area ni, àbí ìwọ̀nba kékeré tó le, àbí èyí tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀? Ẹni mélòó ló ń mu ún nínú ilé? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo iná: wákàtí mélòó lẹ̀ ń rí i lóòjọ́, báwo ni inverter yín ṣe tóbi tó? Ẹ wo omi: ti Water Board ni àbí ti borehole? Kẹ́ẹ wá béèrè ibi tí ẹ ó ti máa ra kọfí fúnra rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tí kò rí kọfí jẹ, ẹrù lásán ló jẹ́ ní ilé ìdáná.

Ẹ ò rí i pé mi ò tíì dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan. Ìyẹn ló kẹ́yìn.

Nescafé ni mo ti ń mu bọ̀ ọjọ́ pẹ́. Ṣé dandan ni ẹ̀rọ?

Rárá o. Ọdún 1938 ni Nescafé ti jáde, ẹni tó bá sì tẹ́ lọ́rùn, kó máa mu ún lọ ní tiẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n ti se èyí tó wà nínú agolo tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti gbẹ omi rẹ̀ dànù; púpọ̀ nínú òórùn dídùn rẹ̀ ti bá a lọ. Tí ẹ bá mu kọfí nílé ẹnì kan tó wá ṣe yín bíi pé ẹ ò mu kọfí rí, a jẹ́ pé ẹ ti ń wá ẹ̀rọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé mílíìkì àti ṣúgà gan-an lẹ̀ ń mu, tí kọfí kàn ń pa á láró, ẹ fi owó yín ra nǹkan mìíràn.

Ẹ bá wa ṣàlàyé oríṣi ẹ̀rọ tó wà, lọ́nà tó máa yé èèyàn.

Èyí tó rọrùn jù ni drip, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kán kọfí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ da omi sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi asẹ́ bébà sí i, ẹ bu kọfí sínú asẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnì, ó parí. Obìnrin ará Jámánì kan, Melitta Bentz, ló gbé ọgbọ́n asẹ́ bébà yìí kalẹ̀ ní 1908, kò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ yí padà títí dòní. Ilé tí èèyàn pọ̀ sí ló bá mu. Gíráàmù 60 kọfí sí lítà omi kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ẹ wá máa dín in kù tàbí kẹ́ẹ máa bù sí i bó ṣe bá yín lẹ́nu mu. Èyí tí ìkòkò rẹ̀ jẹ́ fúláàsìkì ni mo fẹ́ràn. Oní-gíláàsì tó ń jókòó sórí irin gbígbóná máa ń se kọfí yẹn lọ títí á fi korò, ó sì ń jẹ iná ní gbogbo àsìkò tí ẹ ò mu ún.

Espresso tún yàtọ̀. Pọ́ọ̀mpù ló ń fi agbára ti omi gbígbóná gba inú kọfí tó kúnná dáadáa. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń fojú sùn ni gíráàmù 18 kọfí, tó máa mú bíi gíráàmù 36 jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Orí rẹ̀ ni cappuccino àti latte dúró lé. Ó gba sùúrù, ó gba ọlọ tó dáa, ó sì ń fẹ́ kí wọ́n máa fọ òun lójoojúmọ́. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ kọfí, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ, á gbé e fún ẹlòmíràn kí ọdún tó yípo.

Àwọn tó ń lo capsule, ìyẹn kọfí tí wọ́n ti dì sínú agolo kékeré fún ife kan, náà wà, màá sọ̀rọ̀ wọn níwájú. Èyí tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ náà wà, tó ń lọ kóró, tó ń ti omi, tó sì ń da ìdọ̀tí kọfí sínú ikùn ara rẹ̀.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí kò mọ NEPA rí: French press, ife ńlá tí à ń fi asẹ́ tẹ kọfí mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀; AeroPress tí Alan Adler gbé jáde ní 2005, tí à ń fi ọwọ́ ti omi gba inú kọfí; àti moka pot ti Bialetti ará Ítálì, ìkòkò kékeré tí à ń gbé kaná, tó ti wà láti 1933. Àwọn kan á ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rọ. Ní ìlú tí iná ti lè lọ lágogo mẹ́fà àárọ̀, mo kà wọ́n mọ́ ẹ̀rọ, mo tún fi wọ́n ṣíwájú.

Ṣé inverter mi lè gbé e?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù. Ẹ wo ìdí tàbí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ẹ ó rí wáàtì rẹ̀. Drip ilé sábà máa ń wà láàárín 600 sí 1,000 wáàtì. Espresso kékeré àti capsule máa ń wà láàárín 1,100 sí 1,500. Inverter 1.5 kVA, tí ẹ bá fi 0.8 ṣírò rẹ̀, 1,200 wáàtì ni. Ẹ yọ fìríìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n kúrò nínú ìyẹn, ẹ ò ní rí ibi tí ẹ máa fi espresso 1,400 sí. Inverter á han, á sì pa ara rẹ̀. 2.5 kVA jẹ́ 2,000 wáàtì. Ó lè gbé e tí ẹ bá kọ́kọ́ pa fìríìsà, tí ẹnì kankan ò sì lọ aṣọ lọ́wọ́. Láti 3.5 kVA lọ sókè, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé kọfí kì í jẹ bátìrì tán. Ẹ̀rọ 1,400 wáàtì tó bá ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, 0.07 kWh péré (kWh ni yúníìtì iná tí à ń rà) ló lò. Bátìrì 12 fóòtì (volt) tó jẹ́ 200Ah ní 2.4 kWh nínú nígbà tó bá kún. Ẹrù ńlá tó bọ́ lé inverter lórí lẹ́ẹ̀kan náà ni wàhálà rẹ̀, kì í ṣe àpapọ̀ iná tó lò. Nítorí náà, fún ilé tó ń lo sólà, ẹ̀rọ tó ń gbóná kíá, tí ẹ sì máa pa kíá lẹ́yìn ife kan, sàn ju èyí tó ń gbóná kalẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán lọ.

Ẹ tún béèrè bóyá inverter yín jẹ́ pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń jáde geere bíi ti NEPA. Àwọn tó pọ́ọ́kú tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí pọ́ọ̀mpù máa kùn, wọ́n sì lè ba pátákó tó ń darí ẹ̀rọ náà jẹ́.

Ní ti "I pass my neighbour", ẹ má wulẹ̀ dán an wò.

Mararaba là ń gbé, iná wa kì í lágbára. Ẹ̀rọ náà á ṣiṣẹ́ ṣá?

Iná ojú rẹ̀ á tàn, ṣùgbọ́n kò ní gbóná bó ṣe yẹ. Agbára irin tó ń mú omi gbóná máa ń já wálẹ̀ ju bí fóòtì ṣe já lọ. Tí 230 fóòtì bá di 160, ẹ̀rọ 1,400 wáàtì ti di bíi 680, kò tó ìdajì mọ́. Ẹ ó dúró títí, nígbà tí omi bá sì ń ṣàn, kò ní lè di ìgbóná rẹ̀ mú sórí 90 digíríì tí espresso ń fẹ́, kọfí á wá kan lẹ́nu. Stabilizer tó bá máa gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní láti tó 2 kVA. Èyí tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín kọ́.

Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Ìgbà tí wọ́n bá ń dá a padà ló máa ń ba nǹkan jẹ́.

Mi ò ní inverter, mi ò sì lè tan jẹnẹrétọ̀ torí kọfí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ra moka pot. Gáàsì lásán ló ń lò, kò ní pọ́ọ̀mpù, kò ní bọ́tìnì, kò sí ohun tí NEPA lè bàjẹ́ lára rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà fún omi, àárín fún kọfí, òkè fún ohun tó bá jáde.

Ẹ kọ́kọ́ gbé omi kaná kó gbóná. Ẹ dà á sí ìsàlẹ̀ kó dé ẹsẹ̀ fáàfù kékeré tó wà lára rẹ̀, kó má bò ó. Fáàfù yẹn ló ń tú ooru sílẹ̀ tí nǹkan bá dí, torí náà ẹ má jẹ́ kí ìdọ̀tí di ojú rẹ̀. Ẹ bu kọfí kún asẹ́ àárín, ẹ fi ìka nù ún kó dọ́gba, ẹ má kì í mọ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ ti gbóná báyìí, torí náà tówẹ́ẹ̀lì lẹ máa fi dì í mú, kẹ́ẹ tó lọ́ òkè mọ́ ọn kó le dáadáa. Iná kékeré ni kẹ́ẹ gbé e kà, kí ahọ́n iná má yọ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀, kó má lọ jó ibi tí à ń dì mú. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ẹ máa wò ó. Kọfí dúdú á kọ́kọ́ máa yọ lẹ́nu ọ̀pá àárín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á wá máa pọ́n, á wá máa ṣí láwọ̀. Bó bá ti ń hó gbùrùgbùrù, tó ń tutọ́ káàkiri, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń dúró kó kán tán pátápátá ni wọ́n máa ń ní moka pot kò dáa, pé ó korò.

Agbára tó fi ń ti omi kò ju bíi 1.5 bar lọ, espresso sì ń lo 9, torí náà ẹ má retí ìfófó orí espresso. Ṣùgbọ́n ó le tó láti gbé mílíìkì. Nǹkan méjì ló kù. Tó bá jẹ́ sítóòfù induction lẹ ní, èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe kò ní gbóná lórí rẹ̀, ẹ wá èyí tó jẹ́ irin tí kì í dípẹtà. Ẹ sì mọ̀ pé "ife mẹ́ta" tí wọ́n kọ sára páálí, ife kékeré àwọn ará Ítálì ni wọ́n ń sọ. Tí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sínú mọ́ọ̀gì kan, ó lè má kún.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston fẹ́ fi ẹ̀rọ ńlá kan ránṣẹ́ sí mi. Kí n gbà á?

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, 60 Hz; tiwa jẹ́ 230 fóòtì, 50 Hz. Tí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà báyẹn, ó tán. Transformer tó ń sọ iná kalẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún 1,400 wáàtì ẹ nílò èyí tó tó 2 kVA, ó wúwo, ó wọ́n, kò sì lè sọ 50 Hz di 60 tí wọ́n ṣe pọ́ọ̀mpù ẹ̀rọ náà fún.

Tó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ni, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Iná wọn àti tiwa bára mu, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà là ń lò. Ti Jámánì àti Ítálì náà dára. Púlọ́ọ̀gì nìkan lẹ máa pààrọ̀, kẹ́ẹ sì jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ṣe é. Àwọn adaptor kékeré tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà máa ń yọ́ lábẹ́ ẹrù bẹ́ẹ̀.

Tòkunbọ̀ ńkọ́?

Ó ṣeé rà, tí ẹ bá lójú. Ẹ ka àkọlé tó wà nídìí rẹ̀ kẹ́ẹ tó gbọ́ ohun tí ọlọ́jà ń sọ: tó bá jẹ́ 120V ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ máa lọ. Ẹ ṣí táǹkì omi, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Tí ìpẹ́pẹ́ funfun bá gan mọ́ ibẹ̀, ti inú ọ̀pá tí ẹ ò rí pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fọwọ́ kan rọ́bà roboto tó wà níbi tí ọwọ́ ìdìmú ń wọ̀ sí. Tó bá ti le gan-an tó ń sán, omi á máa jò níbẹ̀, àmọ́ ìyẹn ṣeé pààrọ̀, ẹ kàn fi dín owó rẹ̀ kù. Èyí tí mi ò ní gbà fún yín ni pé kẹ́ẹ sanwó láìjẹ́ pé omi gbóná gba inú rẹ̀ kọjá lójú yín. "Ó ń ṣiṣẹ́, iná ni kò sí" ti di orin lẹ́nu wọn. Ẹ padà wá nígbà tí iná bá dé.

Wọ́n kọ 15 bar sára èyí, 20 bar sára ìyẹn. Ṣé 20 ló dáa jù?

Rárá. Iye tí pọ́ọ̀mpù lè tì dé ni wọ́n ń kọ. Bíi 9 bar ni espresso ń fẹ́. Owó tí ẹ máa fi lé nítorí 20, ẹ fi ra ọlọ.

Capsule ńkọ́? Ó dà bíi pé òun ló mọ́ tónítóní jù.

Ó mọ́, ó yá, kò nílò ọgbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é. Bí mo bá ń gbé nìkan ní Jabi, tí mo ń jáde lágogo mẹ́fà àbọ̀, bóyá òun ni màá rà.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ti fi ara yín sọ́wọ́ ẹni tó ń ta capsule. Ti Dolce Gusto kì í wọ inú Nespresso. Nespresso fúnra rẹ̀ tún pín sí méjì: ti Original, tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú ń ṣe capsule rẹ̀, àti Vertuo, tó máa ń ka àmì tó wà létí capsule kó tó ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé capsule lẹ fẹ́, ẹ mú Original, àyè yín á gbòòrò. Kẹ́ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ sí sọ́pámákẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ méjèèjì jìnnà síra díẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ ń bá a níbẹ̀. Ẹni tó wà ní Kano tàbí Kaduna ní láti túbọ̀ wádìí èyí. Ẹ sì ṣírò owó ife kan, kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan: gíráàmù 5 tàbí 6 kọfí ló wà nínú capsule kan, ẹ fi iye rẹ̀ wé kọfí tó wà nínú ọ̀rá.

Ṣé dandan ni kí n ra ọlọ kọfí? Mo ní bléńdà.

Tí ẹ bá fẹ́ ra espresso, ọlọ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fi owó lé. Mo mọ̀ pé kò dùn-ún gbọ́. Ẹ̀rọ tó wọ́n tó ń mu kọfí tí kò dọ́gba kò ní bá ẹ̀rọ pọ́ọ́kú tó ní ọlọ gidi dé ibi tó ń lọ. Ọ̀bẹ bléńdà ń gé kóró ni, kò lọ̀ ọ́: apá kan á di ìyẹ̀fun, apá kan á ṣì wà ní hóró. Omi á sáré gba ibi tó fẹjú kọjá. Fún French press, tó ń fẹ́ kọfí tó rí bíi gàrí, bléńdà lè gbà yín sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ ife kan náà tí ẹ fi ń lọ ata gbígbẹ àti ẹ̀gúsí o. Òórùn ata kì í jáde bọ̀rọ̀, kọfí sì máa ń gba òórùn mọ́ra.

Ọlọ ọwọ́ wà, tó ń fi irin méjì lọ kóró láàárín ara wọn. Ó ń lo agbára apá yín, kò lo iná. Fún ẹnì kan sí ẹni méjì, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ ra ọlọ rárá, ẹ wá espresso tí asẹ́ rẹ̀ jẹ́ onípele méjì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ihò kan ṣoṣo. Wọ́n ṣe é fún kọfí tí wọ́n ti lọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, kọfí máa ń lẹ̀ mọ́ ọlọ mi, ó sì ń fò káàkiri. Kí ló fà á?

Afẹ́fẹ́ tó gbẹ. Láti bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, ohun tó ń mú aṣọ náírọ́ọ̀nù ta yín nígbà tí ẹ bá ń bọ́ ọ náà ló ń mú ìyẹ̀fun kọfí lẹ̀ mọ́ ike. Ẹ wọn kóró yín sínú ife, ẹ ti ẹ̀yìn ṣíbí bọ omi, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tútù yẹn ro kóró náà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ẹ wá lọ̀ ọ́. Ẹ̀kán omi kan sí méjì ti tó. Ẹ ó rí i pé á dà sílẹ̀ wọ̀ọ̀, kò ní fò mọ́. Ẹ fi aṣọ bo ẹ̀rọ àti ọlọ nígbà náà, ní pàtàkì tí fèrèsé ilé ìdáná bá kọjú sí títì tí wọn ò da ọ̀dà sí. Eruku tó wọ inú táǹkì omi, inú pọ́ọ̀mpù ló ń lọ.

Omi borehole là ń lò. Ṣé mo lè dà á sí i?

Ẹ ṣí kẹ́tùlù yín wò. Tí ìdí rẹ̀ bá ti funfun, tó ṣe ìpẹ́pẹ́, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ, tí ẹ ò sì ní rí i. Ohun tó ń pa ẹ̀rọ kọfí jù nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ilé: omi ń kéré, ariwo ń pọ̀, títí tí kò fi ní mú omi wá mọ́. Omi máa ń yàtọ̀ láti borehole kan sí èkejì, àní ní àdúgbò kan náà, torí náà kẹ́tùlù yín ni ẹlẹ́rìí tó dájú jù. Tó bá mọ́, ẹ máa lò ó. Tí kò bá mọ́, ẹ lo pure water tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Ife kọfí kan kò lo ìdajì ọ̀rá.

Fún fífọ̀ rẹ̀, citric acid tí àwọn tó ń ta èròjà kéèkì máa ń tà ni mo fẹ́ràn. Ṣíbí ìjẹun kan tó kún, sínú lítà omi kan. Ẹ jẹ́ kí ìdajì gba inú ẹ̀rọ kọjá, ẹ pa á, kó jókòó fún ìṣẹ́jú 20, kẹ́ẹ tó da ìyókù gba inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi omi lásán ṣan án táǹkì méjì. Tí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ nǹkan mìíràn, ohun tó sọ ni kẹ́ẹ ṣe. Oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, tí omi yín bá le. Bó bá jẹ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ ní, ó lè fọ kẹ́tùlù, ṣùgbọ́n ẹ má dà á sínú ẹ̀rọ. Èérún ọsàn tó wà nínú rẹ̀ á dí ojú ọ̀nà.

Níbo ni kí n ti ra kọfí tó dáa?

Kẹ́ẹ tó ra ti Ítálì, ẹ wo ti ilé. Oríṣi kóró kọfí méjì là ń rí, Arabica àti Robusta. Arabica ń ti orí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba wá, níbi tó ga tó sì tutù. Robusta ń wá láti àgbègbè Kàbbà ní Kogi, lọ́wọ́ àwọn Òkun tiwa níbẹ̀, tí kò jìnnà sí Àbújá rárá. CRIN, ilé ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà ní Ìdí-Ayunrẹ́ n'Ìbàdàn, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ kòkó, ló ń ṣèwádìí lórí kọfí pẹ̀lú. Robusta le, ó korò díẹ̀, caffeine inú rẹ̀ (èròjà tó ń lé oorun lọ) sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Arabica. Ó dára fún moka pot àti fún ẹni tó ń fi mílíìkì sí i. Arabica ni kí ẹni tó ń mu ún ní dúdú wá.

Ọjọ́ tí wọ́n yan kóró náà ni kẹ́ẹ wò lára ọ̀rá, kì í ṣe ọjọ́ tó máa bàjẹ́ nìkan. Tó bá ti lé ní oṣù méjì, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ra ìwọ̀nba, ẹ dì í pa kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́, ẹ sì gbé e jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù.

Mílíìkì oníyẹ̀fun ló wà nílé. Ṣé ó lè fófó?

Ó lè. Ẹ pò ó kó ki ju ti tíì lọ, pẹ̀lú omi tútù, ẹ gbé e sí fìríìjì kó tutù dáadáa, kẹ́ẹ tó ti ọ̀pá ooru tó wà lára ẹ̀rọ espresso bọ̀ ọ́. Nígbà tí ìdí ife bá gbóná tí ọwọ́ yín kò gbà á mọ́, ẹ dá a dúró. Bíi 60 sí 65 digíríì nìyẹn. Tí ẹ bá ra mílíìkì tútù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, ẹ sè é kó hó kẹ́ẹ tó lò ó, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wá fi ṣe é. Mílíìkì tí wọn ò sè lè gbé àrùn.

Jos ni mo wà. Wọ́n ní omi kì í gbóná tó níbẹ̀?

Jos ga tó bíi 1,200 mítà, omi sì ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bí 96 digíríì. Kọfí ń fẹ́ 90 sí 96. Ẹ̀yin gan-an lẹ wà níbi tó yẹ.

Ẹ̀rọ tí kò ní jí àwọn ọmọ ní sààrì ńkọ́?

Ọlọ oníná àti pọ́ọ̀mpù espresso ló ń pariwo jù. Nínú Ràmàdáàn, ẹ lọ kọfí yín lálẹ́, ẹ bò ó dáadáa, ẹ wá lo drip, French press tàbí moka pot láàárọ̀. Kò ní dùn tó èyí tí ẹ lọ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ gbogbo ilé á sùn.

Èló ni iná tó ń jẹ?

Owó kékeré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń darí ọ̀rọ̀ iná, gbé owó Band A (àwọn tó ń rí iná jù) lọ sí 225 náírà fún kWh kan. Ká tilẹ̀ fi ìyẹn ṣírò, ife espresso tó lo 0.07 kWh kò tó 20 náírà. Ẹ má jẹ́ kí owó AEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná Àbújá, dá yín dúró. Owó kọfí gan-an ni kẹ́ẹ máa ṣọ́.

Dókítà ní kí n ṣọ́ cholesterol. Ṣé kọfí ò ní pa mí lára?

Ẹ mú drip oní-asẹ́ bébà. Bébà yẹn ń dá ọ̀rá inú kọfí kan tó ń jẹ́ cafestol dúró, èyí tó máa ń gbé cholesterol sókè. French press kì í dá a dúró. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìlera sọ ni kí caffeine má ju 400 mg lọ lójúmọ́, kí aláboyún má sì ju 200 mg lọ. Tó bá jẹ́ robusta lẹ̀ ń mu, ife díẹ̀ ló máa kún ìwọ̀n náà. Ohun tí dókítà yín bá sọ ló ju tèmi lọ.

Bó bá bàjẹ́, ta ló máa tún un ṣe?

Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kó tó gba owó: ta ló ní wáráńtì náà, ibo ni wọ́n wà ní Àbújá, ṣé wọ́n ní rọ́bà àti pọ́ọ̀mpù rẹ̀ nílẹ̀? Tó bá ní "ẹ pè mí ṣá", kò sí wáráńtì níbẹ̀. Espresso tó rọrùn, tí kò ní ojú kọ̀ǹpútà, oníṣẹ́ tó ń tún ayọ́ọ̀nù àti máíkíróweefù ṣe lè rí ojútùú rẹ̀. Èyí tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ó kún fún ẹ̀rọ kéékèèké, ọ̀kan tó bá kọṣẹ́, gbogbo rẹ̀ jókòó. Mi ò ní kẹ́ẹ má rà á. Ẹni tó ní iná tó dúró, omi tó mọ́, àti ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí, kó rà á kó gbádùn rẹ̀.

Ẹ má yí ọ̀rọ̀ po. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa rà?

Fún ẹnì kan tàbí méjì tí owó kò pọ̀: moka pot àti ọlọ ọwọ́. Fún ilé elérò púpọ̀ tó ní iná tó ṣeé gbára lé: drip onífúláàsìkì. Fún ẹni tí cappuccino ti wọ̀ lẹ́jẹ̀, tó ní inverter 3.5 kVA: espresso kékeré tí kò ní àṣejù, kó sì jẹ́ pé ìdajì owó tó yà sọ́tọ̀ ló fi ra ọlọ.

Gahawa (kọfí) àwọn ará ibí ti mọ́ wa lára, ti atalẹ̀ àti kànáfùrù. Ṣé mo lè fi wọ́n sínú ẹ̀rọ?

Ẹ má fi wọ́n sínú ọlọ kọfí, ẹ má fi wọ́n sí espresso, nítorí wọ́n máa ń dí ojú asẹ́, òórùn wọn kì í sì í lọ. Nínú moka pot, inú ife ni kẹ́ẹ ti pò ó. French press nìkan ló gbà á tààrà: ẹ gún atalẹ̀ díẹ̀, ẹ ju kànáfùrù méjì sí i pẹ̀lú kọfí, ẹ da omi gbígbóná lé e, kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kẹ́ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ tú asẹ́ rẹ̀ kẹ́ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa lẹ́yìn náà, kí ẹni tó máa mu dúdú láàárọ̀ ọjọ́ kejì má lọ bá kànáfùrù pàdé.